Ìbéèrè kúìsì lórí ewì, eré oníṣe àti ẹ̀fẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1500 sí 1700: ẹ wá ká kó ọgbọ́n jọ

Pẹ́nlọ́wọ́:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́. Ìdíje kúìsì kan ń bọ̀ fún àwọn ọmọ SS3 àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Abala tí mò ń ṣètò ni ewì, eré oníṣe àti ẹ̀fẹ̀ (satire) ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí 1500 sí 1700. Ìbéèrè 40 ni, 20 ìṣẹ́jú àáyá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kíkó ìbéèrè jọ kò nira. Ohun tó nira ni kí ìbéèrè ní ìdáhùn kan ṣoṣo, torí bí olùdíje bá mú ìdáhùn kejì tó tọ̀nà wá, adájọ́ ò ní ibi tí yóò sá sí. Níbo ni irú ìbéèrè wọ̀nyí ti máa ń dójú tini?

Abẹ́rẹ́Ìtàn:

Ọdún ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣọ́. Iṣẹ́ kan láyé ìgbà náà lè ní ọdún mẹ́ta lọ́rùn: ọdún tí wọ́n kọ ọ́, ọdún tí àwọn òṣèré gbé e sórí ìtàgé tàbí tí àwọn ọ̀rẹ́ akéwì ń fọwọ́ dà á kọ, àti ọdún tí òǹtẹ̀wé sọ ọ́ di ìwé. The Duchess of Malfi ti John Webster ti dé orí ìtàgé kí 1614 tó parí, àmọ́ 1623 ló di ìwé. Philip Sidney kú ní 1586. Wọn ò tẹ Astrophil and Stella títí di 1591. John Donne kú ní 1631, àkójọ ewì rẹ̀ jáde ní 1633. Andrew Marvell kú ní 1678, tirẹ̀ jáde ní 1681. Nítorí náà, "Ọdún wo ni ewì yìí jáde?" kò tíì di ìbéèrè. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ọdún wo ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ìwé?"

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kàlẹ́ńdà. Kí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó yí i padà ní 1752, ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ni nọ́ńbà ọdún ń yí nínú ìwé òfin wọn, kì í ṣe ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ni Ọbabìnrin Elizabeth wàjà. Lójú akọ̀wé ìgbà náà, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1602 nìyẹn; lójú tiwa, 1603 ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Surrey, akéwì tí wọ́n bẹ́ lórí nínú oṣù Kìíní 1547: ẹ lè bá 1546 nínú ìwé àtijọ́. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kéde pé ìṣirò ọdún òde òní lẹ̀ ń lò.

Èyí tó burú jù ni ìbéèrè tó ní Shakespeare àti Cervantes, òǹkọ̀wé ará Sípéènì, kú ní ọjọ́ kan náà, ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin 1616. Sípéènì ti bọ́ sórí kàlẹ́ńdà tuntun láti 1582, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà lórí ti tẹ́lẹ̀, ọjọ́ mẹ́wàá ló sì wà láàárín méjèèjì. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 22 ni Cervantes kú. Ọjọ́ 23 ni wọ́n sin ín. Ẹ yọ ọ́ dànù pátápátá.

Ẹ má béèrè ọjọ́ ìbí Shakespeare náà. Ọjọ́ ìsàmì rẹ̀ ló wà nínú ìwé ìjọ ní Stratford, 26 oṣù Kẹrin 1564. Ti Christopher Marlowe wà ní Canterbury, 26 oṣù Kejì ọdún kan náà. "Nínú àwọn méjèèjì, ta ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìsàmì fún?" Ìyẹn ní ìdáhùn kan, kò sì sẹ́ni tó lè jà á.

Ìtàgé1599:

Òótọ́ ni Abẹ́rẹ́Ìtàn sọ. Ní ti ilé eré, ọ̀rọ̀ tó ń ba ìbéèrè jẹ́ ni "àkọ́kọ́". Ìwé púpọ̀ ní The Theatre, tí James Burbage kọ́ sí Shoreditch ní 1576, ni ilé eré àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n Red Lion ti wà ní Whitechapel láti 1567, John Brayne tó jẹ́ àna Burbage ló sì náwó lé e. Olùdíje tó bá mọ Red Lion yóò jiyàn, yóò sì jàre. Ẹ béèrè pé: "Kí ni orúkọ ilé eré tí James Burbage kọ́ sí Shoreditch ní 1576?"

Igi The Theatre tí wọ́n tú palẹ̀ ní òpin 1598 ni wọ́n gbé sọdá odò Thames láti fi kọ́ Globe ní 1599. Globe jóná ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1613. Ìbọn ńlá tí wọ́n yìn nínú eré Henry VIII ló ran koríko òrùlé. All Is True ni àwọn ará ìgbà náà ń pe eré yẹn, nítorí náà orúkọ méjèèjì ni kí adájọ́ gbà. Nígbà tí wọ́n tún ilé náà kọ́ ní 1614, amọ̀ sísun ni wọ́n fi bò ó. Globe tí àwọn arìnrìn-àjò ń wò ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì; 1997 ni wọ́n ṣí i.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 1642, Ilé Aṣòfin pàṣẹ kí eré dúró. Ìgbà tí Ọba Charles Kejì padà dé ní 1660 ni òfin tún fàyè gbà á. Ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni obìnrin kan ṣe Desdemona nínú Othello. Kó tó dìgbà náà, ọmọdékùnrin ló ń kó ipa obìnrin nínú ilé eré tí èrò ń sanwó wọ̀. Ẹ lè béèrè ipa tó kó. Ẹ má béèrè orúkọ rẹ̀, torí àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí Anne Marshall àti Margaret Hughes.

Olùkọ́Lítíréṣọ̀:

Ẹ jẹ́ kí n fi ti iye kún un, torí 20 ìṣẹ́jú àáyá bá ìbéèrè oníye mu dáadáa.

Sọ́nẹ́ẹ̀tì jẹ́ ewì onílà 14. Thomas Thorpe ló gbé ti Shakespeare jáde ní 1609, 154 sì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà 99 ní ìlà 15, nọ́ńbà 126 ní ìlà 12, ìlà nọ́ńbà 145 sì jẹ́ onísílébù mẹ́jọ dípò mẹ́wàá. Ẹni tó bá kọ ìbéèrè tó ní "gbogbo sọ́nẹ́ẹ̀tì Shakespeare jẹ́ onílà 14, òótọ́ tàbí irọ́" gbọ́dọ̀ mọ̀ pé irọ́ ni ìdáhùn. Ibi tí ìparí ìlà ti ń bá ara dún la fi ń mọ sọ́nẹ́ẹ̀tì Shakespeare yàtọ̀ sí ti Spenser: abab cdcd efef gg ni tàkọ́kọ́, abab bcbc cdcd ee ni tèkejì.

Ẹsẹ tí Spenser dá sílẹ̀ fún The Faerie Queene jẹ́ onílà mẹ́sàn-án, ababbcbcc. Ìlà mẹ́jọ ní sílébù mẹ́wàá mẹ́wàá, èyí tó kẹ́yìn ní méjìlá. Apá 1 sí 3 jáde ní 1590, apá 4 sí 6 ní 1596. Àmọ́ ní 1609, lẹ́yìn tí Spenser ti kú, wọ́n tẹ àjákù apá keje mọ́ ọn. "Apá mélòó ló parí?" ni kí ẹ béèrè, ìdáhùn rẹ̀ sì ni 6.

Paradise Lost ti Milton jẹ́ apá 10 ní 1667, ó sì di apá 12 ní 1674. Kò kọ apá tuntun kankan: apá 7 àti apá 10 tó gùn jù ló gé sí méjì méjì, ó sì fi ìlà díẹ̀ so ojú ibi tó gé. Ìbéèrè tí kò bá dárúkọ ọdún kò lè dúró. Ti owó náà ní ìdẹkùn. Àdéhùn ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin 1667 pẹ̀lú Samuel Simmons fún un ní £5 lójú ẹsẹ̀ àti £5 mìíràn tí 1,300 ẹ̀dà bá ti tà. Ó rí ìkejì yẹn gbà kó tó kú, nítorí náà "Èló ni Milton gbà lórí Paradise Lost?" lè jẹ́ £5, ó lè jẹ́ £10. Ẹ sọ pé "nígbà tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn".

Ìlà onísílébù mẹ́wàá tí ìparí rẹ̀ kò bá ara dún, èyí tí wọ́n ń pè ní blank verse: Surrey ló kọ́kọ́ lò ó, nígbà tó ń túmọ̀ apá 2 àti 4 nínú Aeneid ti Virgil. Lórí ìtàgé, Gorboduc ni, tí wọ́n ṣe níwájú Elizabeth ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní 1562. Thomas Norton àti Thomas Sackville ló jọ kọ ọ́, nítorí náà orúkọ ìdílé méjèèjì ni kí ẹ béèrè.

Ìyá Lítíréṣọ̀:

Pẹ́nlọ́wọ́, ọmọ mi, apá tí àwọn olùbéèrè ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú jù ni ẹ̀fẹ̀, òun gan-an ló sì dùn jù. Ẹni tó bá mọ alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Kétu ti mọ iṣẹ́ tí àwọn ewì yìí ń ṣe: akọrin a máa tú ìwà ìbàjẹ́ síta, a máa bá alágbára wí láàárín ọjà. Ṣùgbọ́n àṣà dáàbò bo ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jọ́ Ẹ̀fẹ̀. Akéwì Lọ́ńdọ̀nù kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi orúkọ bo orúkọ, tí ìwé sì ń jáde láìsí orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ìdí náà sì nìyẹn tí ìbéèrè orí ẹ̀fẹ̀ fi nílò ìṣọ́ra.

Bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ John Skelton, tó kú ní 1529. Kádínà Wolsey, alágbára nínú ìjọba Ọba Henry Kẹjọ, ló ń ta lọ́fà nínú Speke Parott àti Why Come Ye Nat to Courte. Ìlà rẹ̀ kúrú, ohùn ìparí kan náà ń tẹ̀ lé ara wọn títí èémí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe irú ìlà bẹ́ẹ̀ títí dòní, Skeltonics.

Má ṣe béèrè láé pé "Ta ló kọ́kọ́ kọ ẹ̀fẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì?" Joseph Hall ló pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú Virgidemiarum ní 1597. Ṣùgbọ́n Thomas Wyatt ti kọ tirẹ̀ ní nǹkan bí 60 ọdún ṣáájú, Thomas Lodge ti tẹ A Fig for Momus jáde ní 1595, Donne náà ti ń kọ tirẹ̀ tí àwọn ọ̀rẹ́ ń dà kọ. Béèrè ẹni tó pe ara rẹ̀ ní àkọ́kọ́, ìyẹn ló ní ìdáhùn.

Lẹ́yìn náà, àṣẹ ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 1599. John Whitgift, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, àti Richard Bancroft, Bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù, pàṣẹ fún ẹgbẹ́ àwọn òǹtẹ̀wé pé wọn ò gbọdọ̀ tẹ ẹ̀fẹ̀ mọ́, wọn ò sì gbọdọ̀ tẹ epigram, ewì ṣókí tó ń ta bí agbọ́n. Wọ́n dárúkọ ìwé tí wọn yóò sun: The Scourge of Villanie ti John Marston, Skialetheia ti Everard Guilpin, ewì ìfẹ́ Ovid tí Marlowe túmọ̀ tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ mọ́ epigram John Davies, àti àwọn mìíràn. Wọ́n ní kí wọ́n gba gbogbo ìwé Thomas Nashe àti ti Gabriel Harvey níbikíbi tí wọ́n bá ti rí i. Ọjọ́ kẹrin oṣù yẹn ni iná jó nínú gbọ̀ngàn àwọn òǹtẹ̀wé. Ìwé Hall wà nínú àkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dá a sí. Nítorí náà, ẹni tó bá dáhùn "Hall" sí "Ìwé ta ni wọ́n sun ní 1599?" ti ka àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ láìka èyí tó tẹ̀ lé e. Má fún un ní máàkì, ṣùgbọ́n jẹ́ kí adájọ́ mọ ìdí.

Kí ló mú kí ẹ̀fẹ̀ àwọn ọdún 1590 gbóná, tí èdè rẹ̀ sì rí gbágungbàgun? Àṣìṣe kan ló fà á. Wọ́n gbà pé inú satyr, iwin inú igbó àwọn Gíríìkì tó ní ẹsẹ̀ ewúrẹ́, ni ọ̀rọ̀ náà satire ti wá, wọ́n sì ronú pé iwin kì í sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí. Ní 1605 ni Isaac Casaubon fi hàn pé satura ti èdè Látìn ni orísun rẹ̀. Ìbéèrè àṣekágbá nìyẹn.

Bí o bá ní àyè fún ewì ẹ̀fẹ̀ kan ṣoṣo, Absalom and Achitophel ti John Dryden ni kó o mú. Ó jáde nínú oṣù Kọkànlá 1681 láìsí orúkọ Dryden lára rẹ̀. Ìtàn ọ̀tẹ̀ Absalomu sí bàbá rẹ̀ nínú Bíbélì ló gbé wọ ọ̀rọ̀ ìlú. Dafidi ni Ọba Charles Kejì. Absalomu ni Monmouth, ọmọ tí ọba bí síta. Ahitofeli ni Shaftesbury. Simri ni Buckingham, Ṣimei ni Slingsby Bethel, Kora ni Titus Oates. Àwọn ọmọ wa tó mọ Bíbélì Yorùbá yóò pe orúkọ wọ̀nyí bí wọ́n ṣe wà níbẹ̀, kó o kọ ọ́ sínú ìwé adájọ́ pé kó gbà á. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà ni Og, tó jẹ́ Thomas Shadwell, àti Doeg, tó jẹ́ Elkanah Settle. Àwọn méjèèjì kò sí nínú ìwé 1681. Apá kejì, 1682, ni wọ́n wà, Nahum Tate ló sì kọ èyí tó pọ̀ jù nínú apá yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Dryden fúnra rẹ̀ ló kọ ìlà tó na Og àti Doeg.

Shadwell yìí kan náà ni Dryden fi jọba àwọn òpè nínú Mac Flecknoe. Lẹ́yìn tí ìjọba yí ní 1688, Dryden tó ti di ọmọ ìjọ Kátólíìkì kò búra fún ọba tuntun, oyè akéwì ọba (Poet Laureate) bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi Shadwell jẹ ẹ́ ní 1689. "Akéwì wo ló jẹ oyè tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó fi í ṣẹ̀fẹ̀?" N kò mọ ìbéèrè tó dùn ju ìyẹn lọ lórí ọ̀rúndún náà.

Abẹ́rẹ́Ìtàn:

Ẹ ṣeun mà. Àfikún kan lórí oyè yẹn: "akéwì ọba àkọ́kọ́" náà ń fa ìjà. Ben Jonson gba owó ọdọọdún láti ọwọ́ ọba ní 1616, ìwé míì sì pè é ní àkọ́kọ́. Dryden, 1668, ni ẹni àkọ́kọ́ tí ìjọba fi orúkọ oyè náà gan-an fún. Lórí Hudibras, ewì ẹ̀fẹ̀ ti Samuel Butler, 1663 ló wà lójú ewé àkọ́kọ́ apá kìíní, àmọ́ ìwé ti wà lọ́jà kí 1662 tó parí. Ẹ kọ "ọdún tó wà lójú ewé àkọ́kọ́" sínú ìbéèrè.

Ọ̀rọ̀DáraLẹ́nu:

Ìbéèrè "Ta ló sọ ọ́?" ló gbajúmọ̀ jù, òun náà ni àṣìṣe pọ̀ sí jù.

"No man is an island" kì í ṣe ìlà ewì. Ọ̀rọ̀ geere ni, nínú Devotions upon Emergent Occasions tí Donne tẹ̀ jáde ní 1624, Meditation 17. "For whom the bell tolls" wà níbẹ̀ kan náà. Bí ẹ bá fi í sí abala ewì, ẹ ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ nípa ìbínú obìnrin tí wọ́n kọ̀ àti ọ̀rọ̀ nípa orin tó ń tu ọkàn lára, àwọn ènìyàn ń fi méjèèjì fún Shakespeare. The Mourning Bride ti William Congreve, 1697, ni méjèèjì ti wá. Ti orin ni gbólóhùn tó ṣí eré náà, "savage breast" ló sì wà níbẹ̀, kì í ṣe "beast".

"Who ever loved, that loved not at first sight?" wà nínú As You Like It, ṣùgbọ́n inú Hero and Leander ti Marlowe, tí wọ́n tẹ̀ ní 1598, ni Shakespeare ti yá a. Ẹ béèrè "Ta ló kọ́kọ́ kọ ọ́?", kí ẹ má béèrè "Inú iṣẹ́ wo ló wà?"

Milton kọ "Fresh woods, and pastures new" ní ìparí Lycidas. Ọ̀pọ̀ ń fi "fields" sí i. Macbeth sọ pé "Lay on, Macduff", kò sọ "Lead on". Ìwọ̀nyí dára fún ìbéèrè "Ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n ṣì?"

"Upstart crow" tí wọ́n fi bú Shakespeare wà nínú Groatsworth of Wit, 1592. Orúkọ Robert Greene ló wà lára ìwé náà, àmọ́ Greene ti kú nígbà tó jáde, Henry Chettle ló sì tún un kọ fún òǹtẹ̀wé, àwọn kan sì fura sí Chettle. Orúkọ ìwé ni kí ẹ béèrè. Ìlà tó wà níbẹ̀, "Tiger's heart wrapped in a player's hide", yí ìlà inú apá kẹta Henry VI po: "woman's" ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Pẹ́nlọ́wọ́:

Mo dúpẹ́ gan-an, mà àti sà. Mo ti gé ìbéèrè mọ́kànlá dànù. Ẹ bá mi wo mẹ́ta yìí: "Ilé ọtí wo ni wọ́n ti pa Marlowe?" "Eré mélòó ni Shakespeare kọ?" "Ta ló kọ The Revenger's Tragedy?"

Abẹ́rẹ́Ìtàn:

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló nílò àtúnṣe.

Ìkíní: ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún 1593, ní Deptford, Ingram Frizer ló gún un lọ́bẹ sókè ojú ọ̀tún. Ilé Eleanor Bull ni wọ́n wà, wọ́n sì jẹun níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìwádìí ikú náà kò pè é ní ilé ọtí. Ẹ béèrè orúkọ ìlú tàbí orúkọ ẹni tó gún un.

Ìkejì kò ní ìdáhùn kan. First Folio, àkójọ eré Shakespeare tí wọ́n tẹ̀ ní 1623, ni kí ẹ dúró lé: eré 36 ló wà nínú rẹ̀, 18 nínú wọn ni kò tíì di ìwé rí. John Heminges àti Henry Condell, òṣèré ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ló kó wọn jọ. Pericles kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni The Two Noble Kinsmen tí òun àti John Fletcher jọ kọ. Ìbéèrè ìrọ̀rùn míì: ilé ìkàwé wo ló ní ẹ̀dà First Folio jù lọ láyé? Folger, ní Washington, ẹ̀dà 82.

Ìkẹta: àtijọ́ ni wọ́n ń fi í fún Cyril Tourneur. Thomas Middleton ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà báyìí. Olùdíje tó ka ìwé àtijọ́ yóò sọ Tourneur, kò sì purọ́. Ẹ fi A Game at Chess rọ́pò rẹ̀: Middleton ni, oṣù Kẹjọ 1624, ẹ̀fẹ̀ lórí Sípéènì tí wọ́n fi ọmọ ayò ṣẹ́ẹ̀sì ṣe. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe é léraléra ní Globe kí ìjọba tó dá a dúró, nígbà tó jẹ́ pé lójoojúmọ́ ni ilé eré máa ń pààrọ̀ eré.

Ẹ ṣọ́ àwọn orúkọ jíjọra náà. Ben Jonson kò ní "h"; Samuel Johnson jẹ́ ti ọ̀rúndún kejìdínlógún. Samuel Butler tó kọ Hudibras kú ní 1680, ẹlòmíràn ni Samuel Butler tó kọ Erewhon ní 1872. John Heywood àti Thomas Heywood kì í ṣe ẹnì kan. Thomas Wyatt akéwì ni bàbá, Thomas Wyatt tó ṣe ọ̀tẹ̀ ní 1554 ni ọmọ. Spencer tí Jonson pa nínú ìjà ní 1598 ni Gabriel Spencer òṣèré. Edmund Spenser akéwì fúnra rẹ̀ kú ní 1599.

Ìtàgé1599:

Ẹ má jẹ́ kí 40 parí láìsí obìnrin. Gbólóhùn tó péye nípa Elizabeth Cary ni pé The Tragedy of Mariam, 1613, ni eré àkọ́kọ́ tí obìnrin fúnra rẹ̀ gbẹ́ kalẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó di ìwé. Bí ẹ bá yọ "fúnra rẹ̀ gbẹ́ kalẹ̀" kúrò, ẹnì kan yóò dárúkọ Mary Sidney, tó ti tẹ eré tó túmọ̀ láti èdè Faransé jáde ní 1592. Aemilia Lanyer tẹ Salve Deus Rex Judaeorum jáde ní 1611. Mary Wroth tẹ tirẹ̀ jáde ní 1621.

Aphra Behn sún mọ́ ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín díẹ̀. The Rover, 1677, ni eré rẹ̀. Oroonoko, 1688, jẹ́ ìtàn geere, nítorí náà kò wọ abala yín, àyàfi bí ẹ bá mú eré tí Thomas Southerne fi í ṣe ní 1695. Coramantien ni ọmọ ọba inú rẹ̀ ti wá, etíkun tó jẹ́ ti Ghana lónìí, Surinam ni wọ́n sì tà á sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ọmọ Nàìjíríà.

Olùkọ́Lítíréṣọ̀:

Fún ìbéèrè ìrọ̀rùn, ẹ lo ohun tó ti wà nínú ìwé kíkà WAEC: The Good-Morrow ti Donne, The Pulley ti George Herbert, Othello, A Midsummer Night's Dream. "Nínú The Pulley, kí ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ife?" Ìsinmi. Ó dára torí pé ẹni tó ka ewì náà ní tòótọ́ nìkan ló lè dáhùn.

Fún ìwé adájọ́, ìlà mẹ́ta lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan: ohun tí yóò gbà, ohun tí yóò kọ̀, àti ìdí tí yóò fi kọ̀ ọ́. Ẹ kọ orúkọ bí wọ́n ṣe ń pè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, torí ẹni tó ń ka "Marvell" àti "Wroth" sókè lè pè é kí olùdíje má mọ ẹni tó ń sọ. Ìbéèrè tó bá ju gbólóhùn méjì lọ yóò jẹ àkókò olùdíje. Ẹ fi orúkọ iṣẹ́ ṣáájú, kí ohun tí ẹ ń béèrè wá gbẹ̀yìn. Ní ti ìpín, ẹ̀fẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní mẹ́wàá nínú 40. Èmi ì bá fi 16 fún eré, 14 fún ewì, kí Shakespeare má ju mẹ́jọ lọ nínú gbogbo rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ tó ka Shakespeare nìkan ni yóò gbégbá orókè.

Ìyá Lítíréṣọ̀:

Mo fara mọ́ mẹ́jọ yẹn. Kí ọ̀kan nínú mẹ́jọ náà jẹ́ èyí: ní 2012, Renegade Theatre láti Èkó ṣe eré Shakespeare kan ní èdè Yorùbá lórí ìtàgé Globe ní Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ tí wọ́n fún un ni Ìtàn Ògìnìntìn. Èwo nínú eré Shakespeare ni? Ọmọ tó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa yóò rí The Winter's Tale nínú orúkọ yẹn láìjẹ́ pé ó kà á níbì kan.